Àlejò Tí Ọkọ Mi Pè Wá Jẹun Ní Aṣálẹ̀

Ẹni tó bá máa pè mí ní òpùrọ́, kó kọ́kọ́ yà sílé wa ní Lanham, l'Amẹ́ríkà níbí, kó wo apá òsì ọkọ mi. Irin ni dókítà fi so eegun ibẹ̀ pọ̀. Tó bá wò ó tán, kó wá máa pè mí ní òpùrọ́. N kì í mutí, n kì í mu igbó. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mò ń ṣe, ojú mi sì ti rí òkú tí kò lóǹkà. Ẹ gbà mí gbọ́, ohun tí mo rí yìí kì í ṣe irú òkú tí mo mọ̀.

Ọkọ mi, Bàbá Tóbi, ló gbé wa débẹ̀. Ọdún gbọọrọ ló fi wa bọ́ọ̀sì láàárín Largo àti New Carrollton. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, mo rò pé yóò jókòó sílé. Rárá o! Baba lọ ra RV, mọ́tò gbàǹgbà tó ní bẹ́ẹ̀dì, sítóòfù àti balùwẹ̀ nínú. Ó tún lọ wọ ẹgbẹ́ àwọn ọmọ Yorùbá àdúgbò wa tó ní irú mọ́tò bẹ́ẹ̀. Ẹ má wò mí pé mò ń pe ọkọ mi ní "ó". Kíláàsì kan náà la wà, èmi ni mo tilẹ̀ fi oṣù díẹ̀ jù ú lọ.

Ni ẹgbẹ́ bá ní àwọn ń lọ pàgọ́ ní aṣálẹ̀, nínú ọgbà ìjọba kan lápá ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà. Mo ní, "Aṣálẹ̀? Kí ni mo gbàgbé síbẹ̀?" Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ká lọ gba atẹ́gùn. Atẹ́gùn náà dà?

A wa mọ́tò títí ìdí mi fi kú. Nígbà tá a débẹ̀, ilẹ̀ pupa, òkúta, àti igi gbígbẹ tí kò ga ju orúnkún lọ ni mo rí. Ooru ibẹ̀ dà bí ìgbà téèyàn ṣí ààrò búrẹ́dì.

Lọ́jọ́ kejì, alága ẹgbẹ́ wa, Alàgbà Fẹ́mi, kó gbogbo àwọn yòókù lọ wo àfonífojì kan tí wọ́n ní ó rẹwà. Ẹsẹ̀ mi ti wú, n kò lè lọ. Bàbá Tóbi dúró tì mí. Mo se ọbẹ̀ ẹ̀gúsí, ẹja yíyan àti pọ̀nmọ́ wà nínú ẹ̀, mo ro ẹ̀bà, a gbé tábìlì síta, sí ibi tí mọ́tò ṣíji bò.

Ọ̀sán gangan ni o. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé n'Ìbàdàn, àwọn àgbà máa ń lé wa wọlé ní irú àkókò yẹn, wọ́n ní àwọn kan ń rìn. Mo rò pé wọ́n kàn fẹ́ sùn ni.

Bá a ṣe ń jẹun lọ ni mo rí ọkùnrin kan tó ń bọ̀ láti ọ̀ọ́kán. Kò sí ọ̀nà lápá ibẹ̀, kò sí mọ́tò, kò sí àgọ́. Kóòtù dúdú tó nípọn ló wọ̀ nínú oòrùn yẹn, kò gbé omi dání, kò sì làágùn. Kò tiẹ̀ wo apá ọ̀dọ̀ wa. Ó ń kọjá lọ ní tiẹ̀ ni.

Ni ọkọ mi bá gbóhùn sókè: "Ẹ wá bá wa jẹun o!"

Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Yorùbá kì í ronú kó tó sọ ọ́. Ẹni tí wọ́n bá sọ ọ́ fún náà, bí ebi fẹ́ pa á kú, yóò ní "Á gba ibi ire," yóò sì máa lọ. Bàbá Tóbi fúnra rẹ̀ rẹ́rìn-ín, torí ta ló máa gbọ́ Yorùbá níbẹ̀?

Ọkùnrin náà dúró. Ó yí padà, ó sì ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa.

Kò kí wa. Orí àga mi ló jókòó sí, torí mo ti dìde lọ bu omi. Ó ti ọwọ́ bọ ẹ̀bà tó ṣì ń rú èéfín, kò mira. Ó ń jẹ ẹja tòun teegun, mo ń gbọ́ bó ṣe ń rún un. Inú ọkọ mi ń dùn. Ó fẹ́ràn àlejò jù, ìyẹn ni àléébù rẹ̀.

Àwa nọ́ọ̀sì, ojú wa kì í sinmi. Kí n tó mọ̀, mo ti ń wo àyà ọkùnrin náà láti mọ bó ṣe ń mí. Àyà náà kò lọ sókè, kò wá sílẹ̀. Mo tún wò ó dáadáa. Mo wò ó títí. Kò sí nǹkan kan.

Mo tẹ̀ sí etí ọkọ mi. "Bàbá Tóbi, ọkùnrin yìí kò mí."

"O ti tún wà lẹ́nu iṣẹ́ nìyẹn," òun náà sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Jẹ́ kó jẹun, jàre."

Ara mi kò gbà á. Mo na ọwọ́, mo gbé abọ́ kúrò níwájú rẹ̀.

Háà! Kò tilẹ̀ wo èmi tí mo gbé e. Ọkọ mi ló gbá mú. Ó di apá rẹ̀ òsì mú, ó sì ṣẹ́ ẹ bí ẹni ṣẹ́ ìrèké. Ó gbé e sókè, ó fi í sọ ara mọ́tò, gbàà! Ara mọ́tò tẹ̀ wọnú. Ẹ̀jẹ̀ bo ojú Bàbá Tóbi. Ó tún gbé e, ó tún fi í sọ ọ́.

Mo fa ọmọrógùn yọ, mo là á mọ́ ọn lórí. Eruku ló sọ lára kóòtù rẹ̀. Ọmọrógùn kán sí méjì. Mo gbé ìkòkò ọbẹ̀ gbígbóná, mo dà á sí i lọ́rùn, kò wẹ̀yìn. Ẹ̀yìn ọwọ́ ló fi gbá mi, mo fò kọjá lórí tábìlì. Mo pe Jésù. Mo ka Sáàmù títí ó fi dàrú mọ́ mi lẹ́nu. Mo ṣépè tí ìyá ìyá mi máa ń ṣẹ́, èmi ọmọ ìjọ!

Ó wá gbá ọkọ mi lẹ́sẹ̀ mú, ó ń wọ́ ọ lọ síbi tó ti wá. Òkúta ń bó o lẹ́yìn. Mo sáré, mo di ọwọ́ rẹ̀ tó kù mú, ó ń wọ́ àwa méjèèjì lọ.

"Má fi mí sílẹ̀," ni ọkọ mi ń sọ. Ohùn rẹ̀ kò jáde dáadáa. "Jọ̀ọ́, má fi mí sílẹ̀."

Ibẹ̀ ló ti sọ sí mi lọ́kàn. Àlejò ni. A fi ẹnu wa pè é, a sì gba abọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ta ló ń ṣe irú ẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá? Ṣùgbọ́n kí n tó lè lọ gbé abọ́ náà wá, mo gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ ọkọ mi sílẹ̀.

Mo fi í sílẹ̀. Igbe tó ké nígbà yẹn, kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ẹ gbọ́ irú ẹ̀ lẹ́nu ẹni tí ẹ fẹ́ràn.

Mo sáré gbé abọ́, mo sáré padà, mo kúnlẹ̀ lórí òkúta gbígbóná níwájú rẹ̀. Mo ní, "Ẹ má bínú, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ wá jẹun."

Ó ju ẹsẹ̀ ọkọ mi sílẹ̀. Ó jókòó sínú oòrùn, ó ń jẹun. Mo gbé gbogbo ẹ̀bà wá, mo gbé ìrẹsì tó yẹ ká jẹ lọ́jọ́ kejì wá, mo gbé búrẹ́dì. Nígbà tó jẹ gbogbo rẹ̀ tán, ó nu ọwọ́, ó wo Bàbá Tóbi, ó wá lanu sọ̀rọ̀. Yorùbá tó já geere ni.

"Ẹ ṣeun. Ìwọ náà á wá jẹun nílé wa."

Ọkọ mi tó nà sílẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ dáhùn. "Ó dáa. A ó yà."

Mo bò ó lẹ́nu, àmọ́ ọ̀rọ̀ ti bọ́. Ẹ sáà mọ̀ wá, a kì í sọ fún èèyàn lójú pé rárá. Ọkùnrin náà mi orí, ó sì ń lọ, títí ooru fi bò ó mọ́lẹ̀.

Nígbà tí ẹgbẹ́ padà dé, Alàgbà Fẹ́mi ní ká sọ nílé ìwòsàn pé orí àpáta ni ọkọ mi ti já bọ́. Ohun tá a sọ náà nìyẹn. Kí la fẹ́ wí fún dókítà?

Apá jinná. Mo rò pé ó tán. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ni Bàbá Tóbi dìde, ó wọ bàtà. Mo ní, "Níbo?" Ó ní, "Wọ́n ń retí mi." Mo rẹ́rìn-ín, mo dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ọkọ mi, tí kò gbá mi rí látìgbà tó ti fẹ́ mi, dì mí mú, ó fi orí mi sọ ilẹ̀kùn títí eyín mi fi yọ. Nígbà tí oòrùn yẹ̀ tán, òun náà ló ń fi yìnyín tẹ̀ mí lẹ́nu, tó ń sunkún, tó ń bi mí pé ta ló ṣe èyí.

Láti ìgbà náà, ojoojúmọ́ ni. Mo ti sọ iṣẹ́ mi di ti alẹ́, kí n lè máa wà nílé lọ́sàn-án. Àwọn pásítọ̀ wá, ó jù wọ́n dànù bí ìrọ̀rí. Ó ṣẹ́ egungun ìhà Alàgbà Fẹ́mi. Wọn kò wá mọ́. Lánàá, ó fún mi lọ́rùn títí ojú mi fi ṣókùnkùn.

Láti òwúrọ̀ òní, kò fọwọ́ kan oúnjẹ. Mo gbé ìrẹsì fún un, ó dé e padà. Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́ kó jẹ díẹ̀. Ó fọwọ́ pa mí lórí, ohùn rẹ̀ sì tutù pẹ̀lú.

"Wọ́n ti dáná dè mí," ó ní. "Kò dáa kí n yó lọ."

Mo ti fẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn báyìí. Oòrùn ń gòkè. Òórùn ọbẹ̀ ń wọlé láti ìta, èmi kò sì gbé nǹkan kan kaná.

Ẹ jọ̀ọ́, tí ẹ bá ń jẹun níbi tí kò sí ilé, ẹ jẹ ẹ́ ní jẹ́jẹ́. Ẹni tó bá ń kọjá, ẹ jẹ́ kó máa kọjá. Tí ẹni tí ẹ kò mọ̀ bá sì ní kí ẹ wá jẹun nílé òun, ẹ ní rárá, kí ẹ sọ ọ́ sókè. Ẹ bá mi gbàdúrà. Ó ti ń wọ bàtà.