Jíìpù Ọ̀gá Bàbá Mi, Láti Èkíní Dé Ẹ̀kẹrin

Nígbà tí ìròyìn dé pé ìyá ọ̀gá bàbá mi kú, bàbá mi ò bèèrè irú àìsàn tó pa màmá náà. Ohun tó bi mí ni pé, "Ẹ̀njiníà, jíìpù wo ni ọ̀gá máa gbé wálé?"

Èmi ni Ẹ̀njiníà. Orúkọ yẹ̀yẹ́ ni. Mo lọ kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ ní pólì, mo sì já kúrò níbẹ̀ kí iṣẹ́ ẹ̀rọ tó mọ̀ pé mo wá. Kò sí olùkọ́ tó bẹ̀ mí pé kí n dúró. Ọ̀kan nínú wọn tiẹ̀ bá mi gbé àpótí mi dé ojú títì kí mọ́tò má bàa já mi sílẹ̀. Báyìí, mọ́tò ni mò ń fọ̀ ní ẹ̀bá ọ̀nà Lọ́kọ́ja, ní ìjáde Kàbà. Gbogbo ìmọ̀ tí mo mú ti pólì dé kò ju pé omi máa ń ṣàn lọ sí ìsàlẹ̀, ìyẹn náà sì ti yé ewúrẹ́ wa tipẹ́.

Dírẹ́bà ni bàbá mi. Ọ̀gá kan ṣoṣo ló wakọ̀ fún ní gbogbo ìgbà tó fi wakọ̀, kọngíràtọ́ ọmọ Kàbà níbí tó ń gbé Àbújá. Àìsàn ojú kan wá mú un, èyí tí kì í dunni, tó kàn máa ń jẹ ìríran láti ẹ̀gbẹ́ wá sí àárín bí ikán ṣe ń jẹ pákó. A ò mọ̀. Òun náà ò mọ̀. Ọjọ́ tó fi dígí ẹ̀gbẹ́ jíìpù ha géètì, ó ní géètì ló sún mọ́ òun. Ọ̀gá ní kó wá sílé wá sinmi díẹ̀. Ìsinmi ọ̀hún ò tíì parí. Báyìí, tí ẹ bá tan tọ́ọ̀ṣì sí i lójú, ó máa bi yín ta ló wà níbẹ̀.

Jíìpù mẹ́ta ni ọ̀gá ti lò láyé bàbá mi. Àti ẹni tó ríran àti ẹni tí ò ríran nílé wa, ọ̀rọ̀ jíìpù mẹ́ta yẹn la máa ń jẹ mọ́ iyán. Ilé iṣẹ́ kan náà ló ṣe wọ́n, orúkọ kan náà ni wọ́n ń jẹ́, àmọ́ wọn ò jọra, bí ọmọ ìyá ṣe máa ń rí.

Àpótí ni wọ́n ń pe èkíní ní Kàbà, torí kò sí ibi kankan lára rẹ̀ tó rí róbótó àfi táyà. Ó le. Tó bá wọ kòtò kan ní Ìyámoyè, ìfun yín á ṣì máa sọ ọ́ fún ara wọn títí tí ẹ ó fi dé Kàbà. Ṣùgbọ́n kì í kú sọ́nà. Bàbá mi ní sìmẹ́ǹtì ló máa ń wà lẹ́yìn, òun àti ọ̀gá á jókòó síwájú, ẹ̀pà á wà láàárín àwọn méjèèjì nínú bébà, wọ́n á máa jẹ ẹ́ lọ. Tó bá rì sínú ẹrẹ̀, ọ̀gá á bọ́ bàtà, àwọn méjèèjì á jọ tì í.

Èkejì ni Abiyamọ, torí ìdí rẹ̀ tó fẹ̀. Èyí ni bàbá mi fẹ́ràn jù. Bọ́tìnì kan wà níbẹ̀, tó bá tẹ̀ ẹ́, mọ́tò náà á rọra dìde nílẹ̀ bíi ràkúnmí. Ẹsẹ̀ ni àrùn rẹ̀. Tí ọ́ìlì bá ti jò níbẹ̀, á lóṣòó sójú kan, kò sì sí mẹkáníìkì kankan láti ibí dé Lọ́kọ́ja tó máa bẹ̀ ẹ́ tó máa gbà. Inú ìyẹn ni ọ̀gá ti bọ́ sí ìjókòó ẹ̀yìn. Ó ní ìwé ìròyìn lòun fẹ́ máa kà. Ojú dígí tí dírẹ́bà fi ń wo ẹ̀yìn ni òun àti bàbá mi ti ń sọ̀rọ̀ nígbà yẹn.

Ẹ̀kẹta ni tèmi. Ẹ̀rọ ńlá ló wà nínú rẹ̀, ó ń mu epo bí ẹni tó jẹ iyọ̀. Ohùn rẹ̀ dà bí ti àgbàlagbà tó ń ṣe "hùn-ún" nínú yàrá, tí gbogbo ilé á ti mọ̀ pé ó ti jí. Fíríìjì kékeré wà láàárín ìjókòó. Gbogbo ìgbà tí bàbá mi fi wa jíìpù yẹn, kò mọ ohun tó wà nínú fíríìjì náà, bẹ́ẹ̀ ìgbúnwọ́ rẹ̀ ló máa ń wà lórí ìdérí. Fóònù ni ọ̀gá máa ń bá sọ̀rọ̀ nígbà náà. Ibi tí wọ́n ń lọ gan-an, bàbá mi máa ń gbọ́ ọ nígbà tí ọ̀gá bá ń sọ ọ́ fún ẹlòmíì.

A máa ń jà lórí rẹ̀. Á ní Abiyamọ. Èmi á ní ẹ̀kẹta. Ìyá mi á ní, "Ẹ̀yin méjèèjì tí ẹ ò ní kẹ̀kẹ́."

Bàbá mi fi òbúkọ wa àti iṣu Ìkòyí ti ìtòsí wa níbí ránṣẹ́ síbi òkú náà. Ìyá mi bínú nítorí òbúkọ. Bàbá mi ní, "Màmá yẹn máa ń bu oúnjẹ fún mi kó tó bu fún ọmọ rẹ̀. Mú un lọ." Orí ọ̀kadà ni mo ti gbé e lọ, ó ń ké látilé títí débẹ̀, gbogbo èèyàn tí a pàdé ló kí òbúkọ kí wọ́n tó kí mi. Àwọn obìnrin tó ń dáná lẹ́yìnkùlé gbà á.

"Láti ọ̀dọ̀ ta ni?"

"Dírẹ́bà ọ̀gá, ti àtijọ́."

"Ó ṣé o." Wọ́n so ó mọ́ àwọn òbúkọ yòókù. Láàárín ìṣẹ́jú kan, èmi gan-an ò mọ tiwa mọ́.

Bàbá mi ò lọ síbi ìsìnkú. Kò fẹ́ kí ọ̀gá rí i níbi tí wọ́n ti ń fà á lọ́wọ́. Ó ní òun á dúró de ìdúpẹ́. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó bá sìnkú gbọ́dọ̀ yí ìlú ká lẹ́yìn rẹ̀. Ilé gbogbo ẹni tó fi nǹkan kí i ló máa dé, á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á ní ẹ ṣé, irú rẹ̀ ò ní tètè dé ọ̀dọ̀ yín. Kì í rán ọmọ. Kì í fi fóònù ṣe é. Ilé tó bá fò, ó ti já onílé náà sílẹ̀ nìyẹn, gbogbo àdúgbò á sì rí i.

Mẹ̀gàdí ọ̀gá ló pè mí pé kí n wá fọ jíìpù. Bí mo ṣe fojú kan ẹ̀kẹrin nìyẹn. Ẹnu rẹ̀ nìkan tó àgò adìyẹ. Dírẹ́bà tuntun, ọ̀dọ́kùnrin kan tó wọ kóòtù nínú oòrùn Kàbà, tó ń làágùn bí ẹni tí wọ́n ń sè, ló fi gbogbo rẹ̀ hàn mí. Àtàǹpàkò ni wọ́n fi ń ṣí i. Ìjókòó ẹ̀yìn máa ń nà bí ibùsùn.

Mo ní, "Ìjókòó iwájú, apá ọ̀tún, ńkọ́? Ó dà bíi pé ó ti wó."

Ó rẹ́rìn-ín. "Kò wó. Ó máa ń ká síwájú ni, kí ọ̀gá lè rí ibi na ẹsẹ̀ sí. Ta ló fẹ́ jókòó síbẹ̀?"

Nígbà tí mo délé, bàbá mi da ìbéèrè bò mí. Ṣé ó ṣì ń dìde? Ó ń dìde. Ṣé ó ga ju ti àtẹ̀yìnwá? Díẹ̀. Awọ ìjókòó rẹ̀ ńkọ́? Mo ní ó rọ̀ bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ tuntun. Mi ò sọ ti ìjókòó iwájú. Ọ̀lẹ ni mí, mi ò fẹ́ ìbéèrè tó máa tẹ̀lé e.

Ọjọ́ ìdúpẹ́, bàbá mi ti wẹ̀ kí àkùkọ tó mọ ohun tó fẹ́ sọ. Ó wọ funfun, ó dé fìlà, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì lábẹ́ igi kaṣú wa tó kọjú sí títì. Ìyá mi gbé obì àti ohun mímu tútù sórí àga. Gbogbo ohun tó ń kọjá, bàbá mi ń fi etí dá a mọ̀. "Tírélà nìyẹn, ẹrù ò sí lórí ẹ̀. Táásì Ìyàrá nìyẹn, púlọ́ọ̀gì kan ti kú nínú ẹ̀." Aládùúgbò kan tó ń kọjá kí i pé, "Okun o, Bàbá! Àlejò ń bọ̀ ni?" Ó ní, "Ọ̀gá mi ń bọ̀ wá dúpẹ́." Ó sọ ọ́ fún ẹni tó bèèrè, ó sọ ọ́ fún ẹni tí ò bèèrè.

Oòrùn ti gun orí igi nígbà tó ní fìlà òun ti wọ́. Mo dúró sẹ́yìn rẹ̀, mò ń tún un ṣe, ni mo bá rí nǹkan kan lójú títì, lókè èjìká rẹ̀. Jíìpù dúdú, tí ọwọ́ mi yìí fọ̀. Ó fara balẹ̀ gba ibi kòtò iwájú ilé wa, dígí rẹ̀ wà lókè. Kò dúró. Kò ké. Àfi bí ìgbà tí òjìji ń kọjá lójú ọ̀nà. Ohùn "hùn-ún" yẹn ni bàbá mi ti ń retí láti àárọ̀, eléyìí ò sì ní in. Táyà rẹ̀ tẹ òkúta kan, òkúta náà fò.

"Kí nìyẹn?" ni bàbá mi wí.

"Kẹ̀kẹ́ ni."

"Fìlà ńkọ́?"

"Ó ti tọ́."

Ìyá mi wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó rí i. Ó wo títì, ó wo èmi, ó wọlé.

Mo ní mò ń lọ ra ọṣẹ. Mo gun ọ̀kadà tẹ̀lé jíìpù náà, mo sì bá a níwájú ilé kan lọ́nà ṣọ́ọ̀ṣì. Ọ̀gá ń jáde látinú ilé náà. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú eruku pẹ̀lú ṣòkòtò tí mo fi ń fọ mọ́tò, mo dà bí èèyàn tí wọ́n jù sílẹ̀ látorí tírélà.

"Ẹ kú àṣẹ̀yìndè, sà."

"Ọmọ ta ni ìwọ?"

"Ọmọ dírẹ́bà yín, sà."

"Dírẹ́bà wo?"

"Ti jíìpù èkíní, sà. Àti èkejì. Àti ẹ̀kẹta."

Ó dúró. Mo rí i pé inú rẹ̀ bàjẹ́ díẹ̀, mi ò ní parọ́ mọ́ ọn. Ó ní, "Wọ́n sọ fún mi pé ó ti kú. Mo fi nǹkan ránṣẹ́ síbi òkú rẹ̀ pàápàá."

"Kò dé ọ̀dọ̀ wa, sà. A ò tíì bẹ̀rẹ̀."

Bí ẹnu mi ṣe máa ń yá nìyẹn, níbi tí kò ti yẹ. Kò rẹ́rìn-ín. Ó wo aago, ó ní àwọn àlejò Àbújá ń dúró dè é, ilé ṣì kù lọ bíi rẹrẹ. Ó sọ fún dírẹ́bà rẹ̀ pé, "Yára gbé mọ́tò débẹ̀, bá mi kí i, kí o padà wá gbé mi." Ó tún wọ ilé tó ti ń jáde bọ̀. Ó ní òun á wá bó bá ráàyè. Èmi fúnra mi ti sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún pólì, mo mọ bó ṣe máa ń parí.

Mo ṣíwájú jíìpù délé. Mo ní, "Bàbá, jíìpù ti ń bọ̀."

Ó dìde. Nígbà tí jíìpù náà dúró, mo mú ọwọ́ bàbá mi, mo gbé e lé bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ó ní, "Ṣé ó ti kú ni?"

"Ó ń ṣiṣẹ́, Bàbá," ni dírẹ́bà wí.

Bàbá mi tẹ́ ọwọ́ méjèèjì sórí rẹ̀, ó gbé etí sún mọ́ ọn. Ó yọ ọwọ́ mi kúrò. Ó ń fọwọ́ tọ ara jíìpù náà lọ sẹ́yìn, kò kọsẹ̀, títí ó fi dé ilẹ̀kùn ẹ̀yìn lápá ọ̀tún. Ó nà tààrà. Ó ṣí ilẹ̀kùn náà bó ṣe máa ń ṣí i láyé rẹ̀, ó sún sẹ́yìn díẹ̀ kí ọ̀gá lè rí àyè sọ̀, ó tẹrí ba.

"Ẹ kú àṣẹ̀yìndè, sà. Ẹ̀yìn màmá á dára. Wọ́n tọ́jú mi."

Afẹ́fẹ́ tútù nìkan ló jáde. Dírẹ́bà wò mí, èmi wo bàtà mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wá sí mi lọ́kàn. Mo lè fara wé bí ọ̀gá yẹn ṣe máa ń wúkọ́. Mo máa ń fi pa àwọn ọ̀rẹ́ mi lẹ́rìn-ín, wọ́n á ní kí n tún un ṣe. Mo ti la ẹnu kí n wúkọ́, kí bàbá mi lè rò pé ọ̀gá wà nínú mọ́tò.

Ìyá mi sọ̀rọ̀ látẹ̀yìn. "Kò sí èèyàn níbẹ̀. Dírẹ́bà nìkan ló wá."

Bàbá mi ò tètè gbé orí sókè. Lẹ́yìn náà ó na ọwọ́ sínú mọ́tò, ó fọwọ́ wá orí ìjókòó náà, ó tún na ọwọ́ síwájú, ó kan ìjókòó iwájú tó ká.

"Ta ló ṣẹ́ eléyìí?"

Dírẹ́bà ní, "Kò ṣẹ́, Bàbá. Kí ẹsẹ̀ ọ̀gá lè nà ni. Ẹ má bínú, sà. Wọ́n ti sọ fún ọ̀gá pé ẹ ti kú ni."

Bàbá mi rọra ti ilẹ̀kùn. Kò dún. Ó dúró díẹ̀ bí ẹni ń retí kó dún, ó tún fọwọ́ kàn án bóyá ó ti pa dé.

"Sọ fún ọ̀gá pé òótọ́ ni wọ́n sọ fún un."

Dírẹ́bà yí sí mi, ó ń sọ̀rọ̀ lábẹ́lẹ̀. "Ṣé kí n sọ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́?"

"Sọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́."

Dírẹ́bà wọ mọ́tò, ó yí i padà, ó lọ. Ìyá mi ti ń kó ohun mímu kúrò lórí àga. Bàbá mi ṣì dúró lójú kan náà, tó tẹ̀yìn sí wa, pẹ̀lú aṣọ funfun rẹ̀.

"Ṣé ó ti lọ?"

Mo ní ó ti lọ.