Uriake àti Bíréèkì Ìyàwó Mi

Mi ò fẹ́ràn Uriake. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́, kí ẹ má baà rò pé ojú ire ni mo fi ń ròyìn rẹ̀. Síbẹ̀, kò sẹ́ni tó ṣọ́ ọ tó mi ní erékùṣù Atiu yìí. Abúlé Areora ni wọ́n bí i sí. Ó lo ọdún mẹ́tàlélógún nídìí iṣẹ́ igi gẹdú nílùú Tokoroa lókè òkun, ìyàwó rẹ̀ kú síbẹ̀, ó sì padà wálé pẹ̀lú àpótí irinṣẹ́ kan àti ohùn ìsàlẹ̀ kan tó ń mú kí àwọn màmá ṣọ́ọ̀ṣì máa bojú wẹ̀yìn. Orí rẹ̀ ti pá. Mo máa ń rántí orí pípá yẹn láti fi tu ara mi nínú.

Abẹ́ igi máńgòrò níwájú ilé rẹ̀ ló ti ń tún alùpùpù ṣe, iṣẹ́ ò sì wọ́n ọn. Òkúta iyùn kì í jẹ́ kí ọkọ̀ òkun sún mọ́ etíkun wa, ọkọ̀ pẹlẹbẹ ló ń lọ kó ẹrù wá sí èbúté Taunganui. Ńṣe ni wọ́n máa ń dá alùpùpù dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan láàárín àpò ìyẹ̀fun. Tó bá fi máa gúnlẹ̀, afẹ́fẹ́ á ti wọ inú epo bíréèkì. O fún ọwọ́ bíréèkì báyìí, á kàn rọ̀ wọlé, máṣíìnì ò ní dúró. Bí ti Tepori ìyàwó mi ṣe dé nìyẹn, ló bá wọ́ ọ lọ bá Uriake.

Yíyọ afẹ́fẹ́ gba ènìyàn méjì. Ọ̀kan á fún ọwọ́ bíréèkì, á dì í mú. Èkejì á lóṣòó ti táyà, á tú nọ́ọ̀tì kékeré kan díẹ̀ kí epo àti afẹ́fẹ́ jáde, á sì dí i padà kí ti òkè tó tú ọwọ́ sílẹ̀. Mo ń kọjá lọ ni mo gbọ́ ohùn ìsàlẹ̀ yẹn: "Fún un. Dì í mú. O káre. Ó yá, tú u sílẹ̀." Tepori ń rẹ́rìn-ín kèékèé. Wákàtí kan gbáko! Mo jowú, mi ò ní purọ́ fún yín. Ọdún mọ́kàndínlógún tí mo ti fẹ́ ẹ, mi ò rántí ìgbà tí mo sọ fún un pé ó káre.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, a jókòó yí ọtí ọsàn ká ní tumunu, ibùdó ọtí àwa ọkùnrin. Nígbà tí ife kàn mí, Paiere tó ń bu ọtí fún wa rọ ọ́ kún dẹ́nu.

"Mokoroa, mu ún tán o. Ẹni tí wọ́n ń bá yọ afẹ́fẹ́ fún ìyàwó ẹ̀, ife méjì ló tọ́ sí i."

"Ẹ má dá a lóhùn," ni ẹlòmíì wí. "Bíréèkì ọ̀hún ò ní tètè san!"

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò dénú.

Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, páàdì bíréèkì jẹ tán, Tepori sì tún gbọ̀nà Areora. Mo ṣe bí ẹni tó ń wá ẹlẹ́dẹ̀ tó já, mo lọ dúró sẹ́yìn ọgbà Uriake. Mi ò rí wọn, etí nìkan ni mo nà.

"Papa Uriake, ṣé a ò ní yọ afẹ́fẹ́ báyìí?"

"Yọ kínni? Páàdì nìkan la pààrọ̀, a ò tú ọ̀nà epo. Ibo ni afẹ́fẹ́ fẹ́ gbà wọlé? Ṣáà máa fún ọwọ́ bíréèkì títí á fi le, kó o tó gùn ún. Àmọ́ lọ́jọ́ tí ẹnikẹ́ni bá tú rọ́bà epo yìí, àfi kó yọ afẹ́fẹ́, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ òkun ló máa ti bá ara ẹ̀."

Papa ni gbogbo ọmọdé erékùṣù yìí ń pè é, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n bí Tepori ṣe pè é yẹn! Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn ni mo gbé délé nínú gbogbo ohun tí mo gbọ́.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, ó ní iyanrìn ti wọ bíréèkì, ó ń han, òun á gbé e jáde lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

"Sọ́dọ̀ ta?"

"Sọ́dọ̀ pásítọ̀ ni, kó lè gbàdúrà fún un. Mokoroa, kí ló ń ṣe ọ́ gan-an?"

Mo dìde, mo lọ wá sípánà. Lọ́jọ́ Sátidé, nígbà tó lọ sóko kókò, mo tú bíréèkì náà palẹ̀ láti fọ iyanrìn inú rẹ̀. Rọ́bà epo ò jẹ́ kí n ráyè yí i dáadáa, mo bá tú òun náà. Epo dà sílẹ̀, mo rọ òmíràn sí i, mo so gbogbo rẹ̀ padà. Ọwọ́ bíréèkì kọ́kọ́ rọ̀. Mo fún un, mo fún un, ó le. Mo ní, Uriake dà báyìí? Kí ni ìyàwó mi tún ń wá lọ síbẹ̀?

Ọkọ̀ dé lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Tepori gun alùpùpù lọ gbẹ́rù, mo sì dúró lójúde kí n rí i tó máa padà wá yìn mí. Ẹsẹ̀ ló fi rìn padà. Ó ń wọ́ alùpùpù tí ọwọ́ rẹ̀ ti ká, orúnkún rẹ̀ bó, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn wọ bàtà rẹ̀. Bíréèkì ò mú un ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Taunganui, ló bá forí lé igbó, òkúta ló gbà á dúró.

Ẹnu mi ló yá ju ọkàn mi lọ. "Ṣé o rí i? Iṣẹ́ Uriake rẹ nìyẹn! Ó fẹ́ pa ọ́!"

Ó gbé alùpùpù náà ti ògiri.

"Èmi ni mo fọwọ́ ara mi pààrọ̀ páàdì yẹn," ló wí. "Orí àpótí ni Papa Uriake jókòó sí tó ń júwe. Kò sẹ́ni tó tú rọ́bà epo nínú àwa méjèèjì. Wá wo nọ́ọ̀tì ẹ̀ bí sípánà ṣe ha á. Ẹni tó wà nílé ló tú u."

Ó jókòó sórí ibojì ìyá mi níwájú ilé, ó ń fi etí aṣọ nu orúnkún rẹ̀.

"Ká ní mo kú ńkọ́, Mokoroa? Lẹ́bàá ibojì mi, ṣé orúkọ Papa Uriake náà ni wàá dá fún wọn?"

Mo fẹ́ sọ pé rárá. Ṣùgbọ́n mo mọ ara mi, òun náà sì ti mọ̀ mí: orúkọ Uriake ni ǹ bá dá, ǹ bá sì máa sunkún bí mo ṣe ń dá a.