Ibi Tí Ariwo "Kò Kún" Ti Wá

Ẹ jẹ́ n bi yín ná, ẹ̀yin tí ẹ máa ń ké "Kò kún! Kò kún!" ní pápá bọ́ọ̀lù títí ọ̀fun yín á fi gbẹ, ta ló kọ́ yín? Ẹ ò mọ̀. Ẹ ní àwọ̀n ẹgbẹ́ kejì ni ò tíì kún fún góòlù. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n obìnrin kan wà tó jẹ́ pé bó bá ti gbọ́ ariwo yẹn lórí rédíò, á dìde, á pa rédíò, á sì lọ máa fọ abọ́ tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀.

Ìyá Olómi la ń pè é. Kò ta omi rí o! Omi ló rù fún ọdún mẹ́ta gbáko nígbà tí wọ́n ń kọ́ pápá ọ̀hún. Ọkọ rẹ̀ ni olórí bíríkìlà níbẹ̀, ọkùnrin aláwàdà tí ọ̀rọ̀ kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀. Ọkọ á wà lókè lórí pákó tí wọ́n so mọ́ ògiri, ìyàwó á wà nísàlẹ̀ nídìí àgbá omi tí wọ́n fi ń po sìmẹ́ńtì. Omi inú àgbá ò gbọdọ̀ dín. Bí ọkọ bá bojú wolẹ̀ tó rí i pé ó ti ń lọ, á ké: "Kò kúúún!" Á wá dákẹ́ díẹ̀. Ìyàwó á gbé garawa karí, á dáhùn: "Kó kún!" Ohùn nìkan ló ya ọ̀rọ̀ méjèèjì sọ́tọ̀: ọkọ ní omi ò kún, ìyàwó ní kó kún, kó kún náà ni. Àwọn òṣìṣẹ́ tó kù a máa fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀ pé omi làwọn yìí fi ń bára wọn sọ̀rọ̀ ìfẹ́.

Ṣé ẹ mọ̀ pé ahọ́n pẹ̀lú eyín náà ń jà. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ọkọ fi í ṣe yẹ̀yẹ́ níṣojú gbogbo wọn. Ó ní garawa tó gbé dé ò kún, àfi bí ìyàwó òun bá ti mu ún lọ́nà bí ewúrẹ́. Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Inú bí Ìyá Olómi, ó ní òun ò ní dá a lóhùn mọ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Nígbà tó di ọ̀sán, ọkọ ké láti òkè: "Kò kúúún!" Ó gbọ́, ó yínmú. Ọkọ tún ké. Ó gbé garawa, ó pọnmi wá, kò la ẹnu. Nígbà tó ké lẹ́ẹ̀kẹta, ó na ọrùn wolẹ̀ kó lè wò ó bóyá ó ń bínú lóòótọ́, ni pákó bá ṣẹ́. Kí Ìyá Olómi tó sáré débẹ̀, ẹ̀pa ò bóró mọ́.

Ó fi ọdún méjìdínlógún gbé e sáyà. Ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo tó jẹ́ télọ̀ nìkan ló sọ fún. "Mo jẹ́ kó pè mí lẹ́ẹ̀mẹta bí ẹni ń pe odi," ó wí, ó sì sunkún.

Nígbà tí pápá parí, wọ́n ní káwọn tó kọ́ ọ wá wo bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́. Ìyá Olómi ò lọ. Ẹgbẹ́ wa gbá góòlù kan wọlé, ni kápẹ́ńtà kan tí wọ́n ń pè ní Agùntáṣọ́ọ́lò bá rántí ọ̀rẹ́ rẹ̀, ọkọ Ìyá Olómi. Ó dìde, omi lójú, ó ké: "Kò kúúún!" Àwọn òṣìṣẹ́ gbè é. Àwọn tó jókòó tì wọ́n rò pé àwọ̀n ló ń bá wí, làwọn náà bá ń ké e. Góòlù kejì wọlé, ẹ̀kẹta tẹ̀ lé e. Ó tán! Ó di ti gbogbo ìlú. Ìpè nìkan ni wọ́n mú lọ, torí ẹni tó ni èsì ò sí níbẹ̀.

Lọ́dún yìí ni télọ̀ ní, "Màámi, ẹ jẹ́ ká lọ."

"Kí n lọ ṣe kí ni? Kí wọ́n máa fi ikú ọkọ mi ṣeré lójú mi?"

"Wọn ò mọ̀ ni, màámi. Ẹ gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan péré. Bó bá ká yín lára, a ó máa bọ̀ nílé."

Wọ́n lọ lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé. Bí wọ́n ṣe jókòó báyìí, èrò ké e. Ha! Ẹ̀yin èèyàn mi, sìmẹ́ńtì tí Ìyá Olómi fẹsẹ̀ tẹ̀ gbọ̀n. Ó ti ń rò ó tẹ́lẹ̀ pé òun ti gbàgbé ohùn ọkọ òun, àṣé ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ló ń bá òun tọ́jú ẹ̀! Bó ṣe máa ń fa "kún" yẹn gùn náà ni wọ́n ń fà á. Èyí tó wá yà á lẹ́nu jù ni pé bí wọ́n bá ti ké e tán, gbogbo wọn á dákẹ́ díẹ̀, kí wọ́n tó tún ké. Kò sẹ́ni tó mọ ìdí tí wọ́n fi ń dákẹ́. Bí wọ́n ṣe bá a nìyẹn. Ìyá Olómi mọ̀ ọ́n. Àyè èsì tirẹ̀ ni.

Ó di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú, ó dìde. Wọ́n ké e, wọ́n dákẹ́, ó sì fi gbogbo agbára rẹ̀ dáhùn: "Kó kún!"

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó jókòó tì í rẹ́rìn-ín. "Ìyá, ẹ má bínú o, a kì í pè é bẹ́ẹ̀. 'Kò' ni, kì í ṣe 'kó'."

Ìyá Olómi nu ojú rẹ̀.

"Ẹ̀yin ẹ máa pè é lọ, ọmọ mi," ó wí. "Èmi lẹ ń pè."