Ife Búlúù Ọkọ Mi

Òórùn káńfọ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ rántí. Inú àpótí ni mo ń kó aṣọ tábìlì mi sí, aṣọ funfun tí mo fi kíróṣé hun nígbà tí mo lóyún àbíkẹ́yìn wa, n kì í sì í yọ ọ́ síta àfi ní ọjọ́ Ìsinmi, nígbà tí ìgbìmọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì bá ń bọ̀ wá ṣèpàdé ní pálọ̀ wa ní Ìlúpéjú. Bí o bá ti gba ẹnu ọ̀nà wọlé, káńfọ̀ yẹn ni yóò kọ́kọ́ kí ọ, kó tó kan òórùn epo pupa tí aládùúgbò wa ń sè lẹ́yìnkùlé. Ìwọ náà jókòó níbẹ̀ rí, ọ̀rẹ́ mi, kí o tó bá ọkọ rẹ kó lọ sí Ìbàdàn. Ìwọ náà sì wà lára àwọn tó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé èmi ni mo kó ife aláwọ̀ wọ ìlú, pé ọjọ́ orí mi ti kọjá fáàrí. Mo rẹ́rìn-ín nígbà náà, n ò dá ọ lóhùn. Ìdáhùn rẹ ló wá dé yìí, bó tilẹ̀ pẹ́.

Ọ̀gá ni gbogbo ìlú ń pe ọkọ mi, nítorí hẹdimásítà ló jẹ́ kó tó fẹ̀yìn tì, kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ilé kan tí kò ti na ọmọ wọn rí. Bí lẹ́tà bá ti Èkó tàbí òkè òkun dé, òun ni wọ́n ń gbé e wá bá. Bí àwọn méjì bá ń jà sí ààlà oko, òun ni yóò wo ìwé, tí yóò sì sọ bó ṣe rí, wọ́n á sì gbà. Òun náà ni alága ìgbìmọ̀ tó fẹ́ tún òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì ṣe. Àsìkò tí fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé sọ́dọ̀ wa ni, tí ẹni tó bá fẹ́ pe ọmọ rẹ̀ ní Èkó ní láti lọ dúró sórí àpáta kó tó rí nẹ́tíwọ̀kì. Àsìkò yẹn gan-an ni ojú Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Ó kọ́kọ́ ń fi èjìká gbá férémù ilẹ̀kùn. Lẹ́yìn náà ó tẹ adìyẹ mi kan pa, adìyẹ funfun tó sùn jẹ́jẹ́ sórí sìmẹ́ńtì, ó sì takú pé adìyẹ náà ló ya òpònú.

A lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ní Ìdó. Dókítà ojú, ọ̀dọ́bìnrin kan tó ní sùúrù, tan iná sí i lójú fún ìgbà pípẹ́, ó wá ṣàlàyé fún wa pé èyí tó ti lọ lára ìríran rẹ̀ kò ní padà mọ́, pé oògùn tí a óò máa kán sí i lójú ni yóò di ìyókù mú fún ìwọ̀nba ìgbà. Nínú ọkọ̀ tí a wọ̀ padà, Ọ̀gá fa ọwọ́ mi mọ́ra nígbà tí a fẹ́rẹ̀ẹ́ délé. Ó wá ní kí n ṣèlérí fún òun pé ẹnikẹ́ni ò ní gbọ́, títí kan àwọn ọmọ wa pàápàá. Mo ṣèlérí. Láti ìgbà náà, bí wọ́n bá gbé ìwé wá, yóò ní kí wọ́n fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, èmi ni mo sì ń kà á fún un lóru.

Má rò pé ìgbéraga ni. Nígbà tó wà lọ́mọdé, àbúrò bàbá rẹ̀ kan fọ́jú. Ọkùnrin yẹn ló ń parí ìjà agbo ilé wọn tẹ́lẹ̀. Wọ́n tọ́jú rẹ̀ dáadáa o, wọ́n ń fún un lóúnjẹ lásìkò, wọ́n ń fọ aṣọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn ni wọ́n ń gbé e jókòó sí, wọ́n á sì máa sọ̀rọ̀ gba orí rẹ̀ kọjá bí ẹni pé etí rẹ̀ náà ti fọ́. Ọ̀gá ń wo èyí lójoojúmọ́ títí ọkùnrin náà fi kú. Kì í ṣe òkùnkùn ló ń bà á lẹ́rù. Ohun tó ń bà á lẹ́rù ni pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí wọn ò ní bi òun léèrè ọ̀rọ̀ mọ́.

Ní ọjọ́ Ìsinmi kan, ó nawọ́ mú omi. Ife gíláàsì tó mọ́ gaara ni mo gbé fún wọn bí mo ti máa ń ṣe, omi nínú gíláàsì, gíláàsì lórí aṣọ funfun. Ọwọ́ rẹ̀ gbá a, gbogbo omi sì dà sórí ìwé tí wọ́n ya òrùlé tuntun sí. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó tún da òmíràn, ẹmu ni ìyẹn, itan akọ̀wé ìgbìmọ̀ ló sì dà sí. Kí oṣù tó parí, ọ̀rọ̀ ti dé ṣọ́ọ̀bù mi. Obìnrin kan tó wá ra ṣúgà fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní òun ń bá mi gbàdúrà lórí ọtí tí Ọ̀gá ń mu. Mo fi ẹ̀rín bò ó. Nígbà tí mo délé, mo sọ fún ọkọ mi, mo rò pé yóò bínú. Ó kàn jókòó, ó ń fi àtàǹpàkò ra orí orúnkún rẹ̀.

“Jẹ́ kí wọ́n pè mí lọ́mùtí,” ló wí. “Ọjọ́ tí ojú ọ̀mùtí bá dá, wọ́n á ṣì gbé ìwé wá bá a.”

N kì í ṣe ẹni tó ń káwọ́ lérí wo nǹkan. Mo kọ́kọ́ rò ó pé kí n máa fún un ní ife rọ́bà, ṣùgbọ́n bí gbogbo àlejò bá ń fi gíláàsì mu, tí onílé nìkan ń fi rọ́bà mu bí ọmọdé, ṣé kì í ṣe pé mo ti fi ọwọ́ ara mi lu agogo? Mo wá lọ sí Ìkọ̀lé lọ́jọ́ ọjà, sọ́dọ̀ obìnrin kan tó ń ti Èkó kó ohun èlò ilé wá. Ibẹ̀ ni mo ti rí wọn nínú páálí: ife ẹlẹ́sẹ̀ kan, irú èyí tí wọ́n fi ń mu wáìnì, ẹyọ mẹ́fà, àwọ̀ mẹ́fà. Obìnrin náà fi èékánná ta ọ̀kan, ó dún gooro, ó ní kírísítà gidi ni, gíláàsì olówó iyebíye. Èmi ò wo ti kírísítà. Mo tú gèlè mi, funfun ni mo wé lọ́jọ́ náà, mo tẹ́ ẹ sórí káńtà, mo to àwọn ife náà lé e, mo fi ẹ̀yìn rìn títí mo fi dé ẹnu títì, mo sì fún ojú pọ̀ láti wo èyí tí yóò hàn. Obìnrin yẹn rò pé orí mi ti dàrú, ó tètè dín owó rẹ̀ fún mi kí n lè máa lọ. Ohun mìíràn tó wù mí ni pé ẹsẹ̀ wọn fẹ̀. Bí ènìyàn bá ń fa ọwọ́ jẹ́jẹ́ lórí tábìlì, ẹsẹ̀ ife ni ìka yóò kọ́kọ́ kàn, kó tó di pé ó gbá ife ṣubú.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo tẹ́ aṣọ funfun, mo bu omi sínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, mo tò wọ́n síwájú rẹ̀, oòrùn sì ń wọlé láti ojú fèrèsé. Mo bi í pé mélòó ló rí. Ó tẹ orí síwájú, ó wò ó pẹ́.

“Méjì,” ló wí. “Ùyàwó, méjì ni mo rí.”

Mo ní ó káre, méjì náà ni. Mo wọ kíṣìnnì lọ, mo ń gbá àwọn ìkòkò mọ́ra wọn kó má baà gbọ́ pé mo ń sunkún. Búlúù àti pupa ló rí. Yẹ́lò ò sí lójú rẹ̀ rárá, bẹ́ẹ̀ ni àwọn mẹ́ta yòókù. Búlúù ló hàn sí i jù, ó dúdú bí aró tó jinná, nítorí náà búlúù di tirẹ̀. A fi gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn kọ́ ọ: yóò gbé ọwọ́ lé tábìlì, yóò fà á díẹ̀díẹ̀ sọ́nà búlúù, ìka rẹ̀ yóò kan ẹsẹ̀ ife, yóò sì gbé e.

Ó ṣiṣẹ́ ju bí mo ti rò lọ. Ọ̀rọ̀ ọtí rọlẹ̀ láàárín oṣù méjì. Àwọn ọkùnrin ìgbìmọ̀ ń fi ife pupa àti ife pọ́pù mu ẹmu, wọ́n ń gbé e sókè wò ó nínú ìmọ́lẹ̀, wọ́n sì ń ròyìn fún àwọn ìyàwó wọn nílé. Àwọn ìyàwó wá wò ó fúnra wọn. Ọ̀kan nínú wọn dúró láàárín pálọ̀, ó ní, “Ulé Ọ̀gá mà ti di ulé ọba.” Mo purọ́ fún wọn pé ọmọ mi tó wà lókè òkun ló ní ohun tí wọ́n ń lò lọ́dọ̀ wọn nìyẹn. Kí ọdún tó yí po, ó ti dé Ìtàjí, ó ti dé Ọ̀yẹ́. Ọmọ tó bá ti Èkó wálé fún Kérésì, páálí ife aláwọ̀ ló ń gbé fún ìyá rẹ̀, kò sì sí ìyàwó ilé tó fẹ́ ṣàlejò mọ́ láìní mẹ́fà nínú kọ́bọ́ọ̀dù rẹ̀. Obìnrin Ìkọ̀lé yẹn rí mi lọ́jọ́ kan, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kúnlẹ̀ fún mi. N ò ní purọ́ fún ọ, mo gbádùn òkìkí náà. Ìgbà tí ìwọ wá fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, inú mi dùn pé yẹ̀yẹ́ fáàrí ni.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti yí padà ni ilé àlùfáà ìjọ wa. Àlùfáà àgbà kan ń ti Ọ̀yẹ́ bọ̀ wá gbọ́ ibi tí iṣẹ́ òrùlé dé, wọ́n sì ní kí ìgbìmọ̀ pàdé rẹ̀ níbẹ̀ lẹ́yìn ìsìn. Ìyàwó àlùfáà náà ti ra ife aláwọ̀ tirẹ̀, ó sì bẹ̀ mí kí n wá bá òun tò wọ́n, torí èmi ni ọ̀gá lórí ọ̀rọ̀ ife. Mo lọ. Mo gbé búlúù kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ síwájú àga ọkọ mi, mo fi pupa síwájú àlejò tí yóò jókòó tì í, mo rọ wáìnì sí gbogbo wọn, mo sì wọ kíṣìnnì lọ gbé ṣin-ṣín. Ìyàwó àlùfáà wo tábìlì, ó rí i pé búlúù ló rẹwà jù, ó sì ṣe ohun tí ọmọlúàbí ń ṣe. Ó gbé èyí tó rẹwà jù síwájú àlejò pàtàkì, ó mú pupa lọ sí òdìkejì tábìlì, ó fi yẹ́lò síwájú Ọ̀gá.

Nígbà tí mo gbé àwo jáde, wọ́n ti jókòó, wọ́n ti gbàdúrà. Mo rí i láti ẹnu ọ̀nà pé yẹ́lò ló wà níwájú Ọ̀gá. Ẹni bá da eérú ni eérú ń tọ̀. Èmi tí mo kó ife aláwọ̀ wọ ìlú ni mo dúró tí mò ń wò ó. N ò lè pariwo gba orí àwọn ọkùnrin. Ọ̀gá nawọ́. Ọwọ́ rẹ̀ fà lórí tábìlì bó ti máa ń fà, ó gba ẹ̀gbẹ́ yẹ́lò kọjá láìmọ̀ pé ó wà níbẹ̀, ó kan ẹsẹ̀ búlúù. Ó gbé e, ó sì mu wáìnì àlùfáà àgbà dé ìdajì.

Gbogbo ilé dákẹ́. Akọ̀wé ìgbìmọ̀ wo ẹni tó jókòó tì í, mo sì mọ ohun tí wọ́n ń rò: ife tirẹ̀ kún síwájú rẹ̀, ó tún ń mu ti àlùfáà. Mo ti ya ẹnu láti purọ́ kan, pé ooru ló mú un, pé kò sùn dáadáa. Ọ̀gá gbọ́ ìdákẹ́jẹ́ náà kí n tó sọ̀rọ̀. Ó gbé ife sílẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

“Ife yín ni mo mu, àbí?” ló bi àlùfáà àgbà. “Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ má bínú. N ò rí tèmi. Ojú mi ti lọ, ó ti lé lọ́dún kan. Búlúù ni ìyàwó mi fi kọ́ mi.”

Mo ń retí kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe pẹ̀lẹ́, pẹ̀lẹ́, bí wọ́n ti ń ṣe fún aláìsàn. Àlùfáà àgbà fa ife yẹ́lò sọ́dọ̀ ara rẹ̀, ó mu níbẹ̀, ó ní ìròyìn òrùlé lòun wá gbọ́. Akọ̀wé mú ìwé. Bí wọ́n ti máa ń ṣe é ni pé Ọ̀gá ni ìwé kọ́kọ́ máa ń kàn, mo sì rò pé níṣojú mi báyìí ni akọ̀wé yóò ti fò ó, tí yóò nà án sí ẹlòmíràn. Ó kọ́kọ́ wúkọ́.

“Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí n kà á sí yín létí,” ló wí. “Ibi tí kò bá ti tọ́, ẹ dá mi dúró.”

Ó ń kà á díẹ̀díẹ̀, bí ọmọ kíláàsì tó dúró níwájú tíṣà. Ní ojú ewé kẹta, ọkọ mi gbé ìka sókè. Ó ní páànù tí wọ́n kọ síbẹ̀ kò lè bo apá ibi tí àwọn akọrin ń jókòó sí. Wọ́n tún un ṣírò. Kò lè bò ó lóòótọ́.

Ìyàwó àlùfáà tẹ̀ lé mi wọ kíṣìnnì, omi lójú rẹ̀, ó ń bẹ̀ mí pé òun ò mọ̀. Mo ní kí ló fẹ́ fi mọ̀? Èmi tí mo mọ̀, mo gbé e pa mọ́. Títí di òní ni mò ń ro ọ̀rọ̀ tí mo sọ yẹn. Mo rò pé ìfẹ́ ni mo fi ń bá a bò ó mọ́lẹ̀, ìfẹ́ náà sì ni, ẹnikẹ́ni ò lè gba ìyẹn lọ́wọ́ mi. Ṣùgbọ́n mo fi ohun tó lé ní ọdún kan sá fún àwọn ènìyàn tí wọ́n mọ bí a ṣe ń ka ìwé sí ènìyàn létí, n kò sì fún wọn láyè rí láti ṣe é. Ìran Ọ̀gá parí pátápátá nígbà tó yá. Wọ́n ṣì ń gbé lẹ́tà wá, wọ́n ń kà á fún un ní pálọ̀ wa, wọ́n sì ń dúró gbọ́ ohun tí yóò wí, títí di ọ̀sẹ̀ tí Ọ̀gá kú.

Oòrùn ọ̀sán ṣì mú nígbà tí a kúrò nílé àlùfáà. Láti ìgbà tí àìsàn yẹn ti bẹ̀rẹ̀, iwájú mi ló máa ń rìn bí a bá jáde, ó ń ka ìṣísẹ̀ rẹ̀ lábẹ́ ẹnu láti ṣọ́ọ̀ṣì dé ilé, kì í sì í jẹ́ kí n fọwọ́ kan òun níta. Lọ́jọ́ yẹn ó dúró lẹ́nu géètì, níṣojú gbogbo wọn, ó béèrè èjìká mi, ó sì gbé ọwọ́ lé e. Ọwọ́ náà wúwo. A gba àárín ìlú kọjá bẹ́ẹ̀, àwọn ènìyàn ń kí wa láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọn, ó ń dá wọn lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sì ka ìṣísẹ̀ kankan.