Léèsì Aláwọ̀ Àlùbọ́sà Tí Mo Rà Ní Bangkok

Kí n tó dé Bangkok, ibi tó jìnnà jù tí mo ti dá lọ láti ilé wa ní Manchester ni Oldham, mi ò sì ní nǹkan kan í ṣe níbẹ̀. Oorun ló gbé mi lọ nínú bọ́ọ̀sì. Nígbà tí mo lajú, ojú ń tì mí láti bi dírẹ́bà pé ibo la wà, ni mo bá jókòó jẹ́ẹ́ títí a fi dé òpin ọ̀nà, mo sì tún bá bọ́ọ̀sì kan náà padà. Àǹtí mi, àbúrò ìyá mi tí mo ń gbé lọ́dọ̀ wọn, rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn.

Bí mo ṣe rí nìyẹn ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990. Ìwé mẹ́fà ni mo kà nílé kí wọ́n tó mú mi wá sí Whalley Range, àdúgbò wa ní Manchester. Ìdájí ni mo máa ń lọ gbá ọ́fíìsì ní Old Trafford, mo sì máa ń kúrò kí àwọn tó ni tábìlì tó dé. Iṣẹ́ náà bá mi lára mu, nítorí tábìlì kì í béèrè ọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n aṣọ ni mo fẹ́ràn. Àǹtí mi ń ta léèsì nínú pálọ̀ wa, ìdì aṣọ sì kún orí àtẹ̀gùn débi pé ẹ̀gbẹ́ la fi ń gùn ún lọ sùn. Tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ti parí ẹ̀kọ́ bá ń múra àtipadà sílé, àwọn ìyàwó wọn á wá ra aṣọ lọ́jọ́ Sátidé. Èmi ni mo máa ń ká a, tí mo máa ń wọ̀n ọ́n, tí mo sì máa ń fi àtàńpàkò wá ibi tí òwú rẹ̀ ti fẹ́ tú. Ọ̀rọ̀ sísọ nìkan ni mi ò dá sí.

Lọ́dún yẹn, àǹtí mi gba ìsọ̀ kan nínú ọjà alórùlé tí kò jìnnà sí ilé wa. Wọ́n ń wá ẹni tó máa jókòó síbẹ̀. Mo fẹ́ ìsọ̀ náà débi pé mo ti mọ ibi tí màá fi aṣọ funfun sí àti ibi tí màá fi aláwọ̀ sí.

“Ẹni tí kò lè la ẹnu, báwo ló ṣe máa tajà?” ni wọ́n bi mí. “Oníbàárà á wọlé, ìwọ á máa wo ilẹ̀. Olè á kó aṣọ, ìwọ á ní, ‘Ẹ ṣé, mà.’”

Ọmọ ẹ̀gbọ́n wọn kan wà ní London tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Òun ni wọ́n ní lọ́kàn. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń múra àtilọ ra ọjà ní Bangkok, wọ́n wò mí bí mo ṣe ń tẹ́ léèsì sórí àga, wọ́n sì mí kanlẹ̀.

“Ó dáa. Màá mú ẹ dání. Tí o bá lè dá ra ọjà kan ṣoṣo níbẹ̀, tí o ná an bó ṣe yẹ, ìwọ lo ni ìsọ̀. Tí o ò bá lè ṣe é, màá tẹ ọmọ London láago.”

Òjò dídì ni a fi sílẹ̀ ní Manchester. Nígbà tí ilẹ̀kùn ọkọ̀ òfuurufú ṣí ní Bangkok, ooru gbá mi mọ́ra bí ẹbí tí mi ò rí láti ọjọ́ pípẹ́. Mo bọ́ súwẹ́tà, mo bọ́ ibọ̀sẹ̀, inú mi dùn débi pé mo ń rẹ́rìn-ín sí àwọn tí mi ò mọ̀ rí. Mọ́tò ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kan, tí kò ní ilẹ̀kùn, tí wọ́n so òdòdó mọ́ iwájú rẹ̀, ló gbé wa. Ó ń sá láàárín àwọn ọkọ̀ ńlá bí ẹja nínú odò. Àǹtí mi fi ọwọ́ kan di wíìgì mú, wọ́n fi ìkejì di èmi mú.

“Dírẹ́bà, rọra o! Ọmọ ọlọ́mọ lo gbé sẹ́yìn!”

Yorùbá ni wọ́n fi sọ ọ́. Dírẹ́bà rẹ́rìn-ín, ó mi orí, ó sì tún sáré sí i. Èmi náà bú sẹ́rìn-ín. Mi ò rántí ìgbà tí mo ti pariwo bẹ́ẹ̀ rí.

Ọjọ́ kejì la fi wòran ìlú. A wọ ọkọ̀ ojú omi, omi ń ta sí wa lójú, òrùlé àwọn tẹ́ńpìlì ń dán yanranyanran létí odò. A bọ́ bàtà wọ inú ọ̀kan, a bá ère oníwúrà kan tó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, tó fi ọwọ́ rọ orí. Ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan gùn ju yàrá mi ní Whalley Range lọ.

“A wá wòran ni o,” ni àǹtí mi sọ sí afẹ́fẹ́, “a ò wá bọ ọ́.” Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé kámẹ́rà fún mi. “Ya èmi àti òun. Má gé ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò.”

Mo sún sẹ́yìn, mo sún sẹ́yìn, títí ẹ̀yìn mi fi kan ògiri. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ò wọ inú fọ́tò. Orí àǹtí mi náà ò fi bẹ́ẹ̀ wọ̀ ọ́.

Láti ibẹ̀ a lọ sí òpópónà àwọn aláṣọ. Ó há débi pé tí ẹnìkan bá ti kẹ̀kẹ́ ẹrù bọ̀, gbogbo èèyàn á lẹ̀ mọ́ ara ṣọ́ọ̀bù. Bọ́tìnì wà nínú garawa bí ẹ̀wà. Ríbọ́ọ̀nù, ìlẹ̀kẹ̀, síìpù, aṣọ lórí aṣọ. Mi ò mọ ibi tí màá kọ́kọ́ wò. Nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré kan, ìyá àgbà kan jókòó sórí àpótí, irun wọn funfun, wọ́n fi píìnnì mú un sẹ́yìn. Lẹ́yìn wọn ni mo ti rí léèsì kan tó ní àwọ̀ èèpo àlùbọ́sà. Mo fi àtàńpàkò tọ́ ọ wò. Òwú rẹ̀ le dáadáa, ihò rẹ̀ dọ́gba. Mo na ọwọ́ láti fà á sílẹ̀.

“Fi sílẹ̀,” ni àǹtí mi sọ sí mi létí. “Tí o bá rà á lọ́jọ́ tí o kọ́kọ́ rí i, wọ́n á mọ̀ pé o ti kú fún un. Ọ̀la la máa wá.”

Ohun tí ò jẹ́ ká jọ wá lọ́la ni ata.

Létí òpópónà náà, obìnrin kan ń ta oúnjẹ kan tí mi ò gbọ́ rí: ìbẹ́pẹ tí kò tíì pọ́n ni wọ́n rẹ́ wẹ́wẹ́, tí wọ́n gún nínú odó kékeré pẹ̀lú ẹ̀pà, edé gbígbẹ àti omi ọsàn wẹ́wẹ́. Ó gbé ata wẹẹrẹ kan sókè, ó fi ojú béèrè bóyá ká fi sí i. Ó tọ́ka sí àwọn òyìnbó tó jókòó nítòsí, ó mi orí, bí ẹni pé wọn ò lè jẹ ẹ́.

Àǹtí mi gbé ọwọ́ sí àyà. “Èmi? Ṣé mo jọ òyìnbó lójú ẹ ni? Ata ni wọ́n fi já mi lẹ́nu ọmú! Dà á sí i!” Wọ́n fi ìka hàn án: márùn-ún. Ó fi mẹ́ta sí i, ó wò wọ́n. “Mo ní márùn-ún!”

Èmi gba ẹyọ kan, ó dùn mọ́ mi lẹ́nu débi pé mo lá àwo. Àǹtí mi jẹ tiwọn tán. Omi ń bọ́ lójú wọn, imú wọn ń ṣàn, wọ́n sì ń mi orí pé kò ta. Láti òru títí ilẹ̀ fi mọ́, ilé ìyàgbẹ́ hòtẹ́ẹ̀lì ni wọ́n wà.

“Lọ,” ni wọ́n pè mí láti inú ibẹ̀ láàárọ̀. “Ìwọ nìkan. Ọ̀la là ń lọ. Pe ìdajì iye tí wọ́n bá dá. Tí wọn ò bá gbà, kẹ́yìn sí wọn, máa lọ. Wọ́n á pè ẹ́.”

Mo lọ. Ẹsẹ̀ mi ń yára. Ìyá aláṣọ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣí ilẹ̀kùn ni. Mo tọ́ka sí léèsì náà. Wọ́n mú kalikulétọ̀ kan tí bọ́tìnì rẹ̀ tóbi, wọ́n tẹ iye wọn, wọ́n sì tì í sọ́dọ̀ mi. Wọ́n ń dúró dè mí.

Ó yé mi lójijì. Mi ò ní láti la ẹnu! Mo pa tiwọn rẹ́, mo tẹ ìdajì, mo tì í padà. Wọ́n wò ó, wọ́n dín tiwọn kù díẹ̀. Mo tún tẹ ìdajì kan náà, mo mi orí, mo kẹ́yìn sí wọn, mo jáde.

Nílé, tí o bá kẹ́yìn sí ọlọ́jà, kí o tó gbé ẹsẹ̀ mẹ́ta wàá gbọ́: “Ẹ padà wá, èló lẹ fẹ́ san gan-an?” Mo gbé ẹsẹ̀ mẹ́ta. Mo gbé mẹ́wàá. Mo dúró níwájú oníbọ́tìnì bí ẹni ń rajà, gbogbo etí mi wà lẹ́yìn. Kò sẹ́ni tó pè mí. Mo rìn dé ìparí òpópónà. Ibẹ̀ ni mo ti rí ọmọ London lójú inú mi, tó ti gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀ lórí àga mi, tó ń fi aṣọ funfun síbi tí kò yẹ.

Mo padà. Ojú tì mí débi pé mi ò mọ ìgbà tí mo dé iwájú ìyá aláṣọ. Àgbàlagbà ni wọ́n, èmi sì ni mo kọ́kọ́ wọ ṣọ́ọ̀bù wọn láàárọ̀, tí mo lọ láìrà. Nílé, ẹ̀ṣẹ̀ ni, torí ó lè ba ọjà gbogbo ọjọ́ náà jẹ́. Orúnkún mi méjèèjì kanlẹ̀.

“Ẹ má bínú, mà,” ni mo sọ, ní Yorùbá, sókè.

Wọ́n fò dìde. Wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀ tí wọ́n gbọ́ béèrè pé, “Àìsàn?” Mo mi orí, mo tọ́ka sí irun funfun wọn, mo tún tẹ orí ba. Ojú wọn yí padà. Wọ́n ké sí obìnrin tó ń ta ríbọ́ọ̀nù lódìkejì pé kó wá wò. Òun náà wá, ó pa àtẹ́lẹwọ́ pọ̀ sí mi, bí wọ́n ṣe ń kíni níbẹ̀. Ìyá aláṣọ fà mí dìde, wọ́n fi mí jókòó sórí àpótí wọn.

“O ní o ò rà,” ni wọ́n sọ, wọ́n na ọwọ́ sí ọ̀nà. “Mo gbà pé o ò rà.”

Wọ́n gbé kalikulétọ̀ sí mi lọ́wọ́. A bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Mo lọ sókè díẹ̀, wọ́n bọ́ sílẹ̀ díẹ̀. Wọ́n ṣe bí ẹni fẹ́ dákú, èmi náà ṣe bẹ́ẹ̀, oníríbọ́ọ̀nù ń rẹ́rìn-ín, ó ń gbè lẹ́yìn mi. Nígbà tí a pàdé lójú kan, mo sanwó. Ìyá aláṣọ mú owó náà, wọ́n ń fi gbá orí gbogbo ìdì aṣọ tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù, pá, pá, pá, wọ́n ń sọ nǹkan lábẹ́lẹ̀. Kò sẹ́ni tó túmọ̀ rẹ̀ fún mi. Ajé ni wọ́n ń pè.

Nígbà tó di ọ̀sán, ara àǹtí mi ti yá díẹ̀. Wọ́n tú léèsì náà, wọ́n béèrè iye rẹ̀, wọ́n pòṣé. “O fi kún un jù. Jẹ́ ká lọ gba ìdì kejì, kí o wo bí wọ́n ṣe ń ná ọjà.”

A dé ibẹ̀. Àǹtí mi sọ̀rọ̀ sókè, wọ́n fi ọwọ́ sọ ọ́, wọ́n pe ìdajì, wọ́n kẹ́yìn. Kò sẹ́ni tó pè wọ́n. Nígbà tí wọ́n yíjú padà, ìyá aláṣọ ti fà mí jókòó, kalikulétọ̀ ti wà lọ́wọ́ mi. Iye tí wọ́n gbà lọ́wọ́ mi fún ìdì kejì kéré sí ti àárọ̀.

A lọ jókòó sí ilé oúnjẹ kan létí odò. Ìrẹsì funfun lásán ni àǹtí mi bù fún ara wọn. Èmi ń jẹ ẹja díndín.

“Kí lo sọ fún ìyá yẹn?”

“‘Ẹ má bínú’ nìkan ni, mà.”

“Mi ò tiẹ̀ mọ ohun tí mo tún ń wá.” Wọ́n fi ṣíbí ro ìrẹsì. “Àwọn oníbàárà wa ní Manchester, ẹnu tiwọn ti pọ̀ jù. Tí mo bá tún gbé ọmọ London síwájú wọn, ta ló máa gbọ́rọ̀? Jókòó sí ìsọ̀ náà.”

Mo gbé ẹja sílẹ̀. “Èmi, mà?”

“Ṣé ẹlòmíràn wà lórí tábìlì yìí ni?”

Mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga mi, àwọn agbáwo ń wò wá. Nígbà tí mo dìde, mo béèrè bóyá òtútù máa ń mú níbi ìsọ̀ náà.

“Ó ń mú kọjá bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ kọnkéré ni. Ra ibọ̀sẹ̀.”

Bí a ṣe sanwó oúnjẹ tán, a tún wọ inú ọjà. Nínú ooru yẹn, òógùn ń ṣàn lára wa, à ń lọ láti ìsọ̀ dé ìsọ̀, èmi ló ṣáájú, mò ń béèrè ibọ̀sẹ̀ onírun tó nípọn jù lọ ní Bangkok.