Àgbàdo Tí Wọ́n Fi Ìdí Ìbọn Gbà

Kékeré ni mo wà nígbà yẹn, ẹ̀yin ọmọ mi, eyín iwájú mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù padà ni. Agblangandan lẹ́bàá Kútọnù là ń gbé, níbi tí ìyá mi ti ń dá oko àgbàdo àti gbágùúdá. Bàbá mi ti kú. Àwọn Faransé ló ń ṣèjọba.

Lọ́dún kan, òyìnbó kọmándà pàṣẹ pé kí gbogbo oko àyíká máa kó oúnjẹ wá fún ilé ìwòsàn ìjọba ní Kútọnù. Olóyè wa sọ pé ìrànlọ́wọ́ ni, pé ìjọba yóò fún wa ní irúgbìn àti ọkọ́ tuntun. Inú ìyá mi dùn gan-an. Ó ru apẹ̀rẹ̀ àgbàdo lọ lẹ́ẹ̀mẹta. Kò rí irúgbìn, kò rí ọkọ́. Nígbà tí òjò wá kọ̀ tí kò rọ̀, a ò kó nǹkan kan lọ mọ́.

Ọ̀sán gangan ni gáàdì mẹ́ta wọ agbolé wa. Àwọn tó ń gbé ìbọn kiri fún kọmándà là ń pè bẹ́ẹ̀. Ọ̀kan gun àká, ó ń da àgbàdo tí a fi pamọ́ fún gbígbìn sínú àpò. Ìyá mi di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú.

“Ẹ jọ̀ọ́, irúgbìn ni! Bí ẹ bá kó o lọ, kí la ó gbìn?”

“Àwọn aláìsàn ń dúró.” Bí ó ti wí bẹ́ẹ̀ ló ta á nípàá láyà.

Ìyá mi fà á wálẹ̀. Ó gbé ọmọ odó, ó fi là á léjìká, mo gbọ́ bí egungun ṣe ró. Àwọn méjì yòókù dà bò ó, wọ́n ń fi ìdí ìbọn gún un lórí, lẹ́yìn, lápá. Èmi náà fò mọ́ ọ̀kan, mo deyín mọ́ etí rẹ̀, n kò sì tú u sílẹ̀ títí ẹ̀jẹ̀ fi kún ẹnu mi. Ó gbá mi mọ́ ògiri. Nígbà tí mo máa lajú, àká ti ṣófo, apá ọ̀tún ìyá mi ti ṣẹ́.

Àwọn aládùúgbò fi ẹní gbé e gba àdúgbò Akpakpa kọjá, a gun afárá, a dé ilé ìwòsàn kan náà. Lówúrọ̀, obìnrin kan gbé ẹ̀kọ gbígbóná wá. Ìyá mi wò ó títí, ó ní, “Àgbàdo ta nìyí?” Obìnrin náà gbé e kalẹ̀, ó lọ sọ́dọ̀ aláìsàn mìíràn. Ìyá mi kọjú sógiri. Ebi ń pa mí, mo mu ún. Títí dòní, ojú ń tì mí láti sọ pé ó dùn.

Nígbà tí ó lè rìn, wọ́n mú un lọ sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà. Apá yẹn kò gbé ọkọ́ mọ́ títí ó fi kú.

Lónìí, ọmọ-ọmọ mi obìnrin ń kó àgbàdo tà fún àwọn tó ń dáná fún ọmọ ilé ẹ̀kọ́. Ìjọba ló bá a wá wọn, wọ́n sì máa ń kí i kí wọ́n tó wọlé. Ayé ti yí padà, mo mọ̀, mo sì ń dúpẹ́. Síbẹ̀, bí ọkọ̀ wọn bá dúró lẹ́nu ọ̀nà, èmi ni mo máa ń kọ́kọ́ jáde lọ wo ọwọ́ wọn. Ìwé ni mo máa ń rí níbẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo tó máa ń mí kanlẹ̀.