Bàtà Lẹ́nu Ọ̀nà Màmá Nóríkò

Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tí Kúnmi lọ tọ́jú Màmá Nóríkò ní Rippleside, ní ìlú òyìnbó, ó bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà kó tó wọlé. Ẹnikẹ́ni ò sọ fún un. Ọmọ Aládùúrà ni. Ibi tó bá ti dákẹ́ rọ́rọ́ báyẹn, ẹsẹ̀ rẹ̀ á bọ́ bàtà fúnra rẹ̀.

Màmá wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. "Àwọn tó wá ṣáájú rẹ, ẹrẹ̀ ni wọ́n ń kó bá mi. Ìwọ ni kó o máa wá."

Ọmọ Japan ni Màmá, láti etí òkun, níbi tí bàbá rẹ̀ ti ń sá ẹja. Ọkọ ló gbé e wá sí Dagenham. Ọkọ ń ṣe mọ́tò, òun ń lọ aṣọ nílé ìfọṣọ. Ọgbọ̀n ọdún gbáko. Nínú ooru áyọ́ọ̀nù yẹn ló ti ń kọ háíkù, ewì ìlà mẹ́ta péré, sẹ́yìn tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń so mọ́ aṣọ oníbàárà. Tíkẹ́ẹ̀tì ò gbà ju ìlà mẹ́ta lọ. Gbogbo ewì ló ní àsìkò nínú: yìnyín, òdòdó, ewé tó ń já. Wọ́n ti tẹ ìwé méjì jáde fún un ní Japan. Ní Rippleside, kò sẹ́ni tó mọ̀. Páálí bàtà mọ́kànlá tó kún fún tíkẹ́ẹ̀tì ló wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Á mú ọ̀kan, á túmọ̀ ẹ̀ fún Kúnmi:

Bọ́ọ̀sì ti lọ.
Ewé pupa kan
jókòó sí àyè mi.

Tí Kúnmi bá gbọ́ irú èyí, ilé á dà bí ohun tó ń léfòó. Ariwo mọ́tò Ripple Road á jìnnà, bíi pé Abẹ́òkúta ló ti ń dún.

Lọ́dún tó kọjá, àrùn rọpárọsẹ̀ mú ọwọ́ ọ̀tún Màmá. Kúnmi ló wá ń bá a kọ ewì. Ti ọwọ́ yẹn ò ba Màmá lẹ́rù. Ohun tó ń bà á lẹ́rù ni kí wọ́n má lọ sọ pé orí òun ti ń gbàgbé.

Kúnmi náà ní tirẹ̀. Oṣù keje ni ìyá rẹ̀ kú. Ìwé ìgbélùú Kúnmi wà lọ́wọ́ ìjọba, kò lè rìnrìn àjò. Orí fóònù ló ti wo ìsìnkú. Kò sọ fún ẹnì kankan. Tí wọ́n bá bi í ní ṣọ́ọ̀ṣì pé, "Màmá rẹ ńkọ́?", á ní, "Wọ́n wà."

Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, láàárọ̀ Sátidé, àwọn akéwì mẹ́fà, tí Màmá wà nínú wọn, máa ń pàdé ní Becontree Heath. Wọ́n lófin. Kálukú á mú bébà mẹ́ta wá, ewì kan lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, kò sí orúkọ. Wọ́n á pò ó pọ̀, ẹlòmíì á tún un kọ, kí ẹnì kan má baà dá ọwọ́ ẹnì kejì mọ̀. Kálukú á wá yan èyí tó wù ú jù. Tí wọ́n bá ka èyí tí wọ́n yàn, ẹni tó kọ ọ́ á dárúkọ ara rẹ̀. Láti ogójì ọdún, Màmá ò mú bébà méjì péré wá rí.

Ní Sátidé yìí, ó pe ewì méjì fún Kúnmi kọ, oorun gbé e lọ lórí àga. Dávídì fọn fèrè mọ́tò níta. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì ni, ọ̀kan nínú àwọn akéwì náà, òun ló ń gbé wọn lọ. Bébà kẹta ṣófo. Kúnmi wò ó. Ó kọ nǹkan sí i kíá, bí ẹni ń jalè. Gẹ̀ẹ́sì ló fi kọ ọ́, Yorùbá ló fi rò ó.

Ní ìpàdé, Kúnmi jókòó sẹ́yìn, nítòsí ilẹ̀kùn, bó ṣe máa ń ṣe. Èèyàn mẹ́rin ló yan ewì kan náà. Dávídì kà á:

Òjò dá.
Bàtà Màámi lẹ́nu ọ̀nà,
omi ló wọ̀ ọ́.

Kò sẹ́ni tó dárúkọ. Dávídì kọjú sí Màmá Nóríkò. "Tiyín ni, àbí? Ẹ̀yin lẹ máa ń pa wá lẹ́kún láàárọ̀."

"Kì í ṣe tèmi."

"Àwọn tó kù ní kì í ṣe tàwọn. Ẹ rántí dáadáa, Màmá."

"Ìwọ tó o ṣìnà lẹ́ẹ̀mejì kó o tó gbé wa débí?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín náà ò pẹ́. Wọ́n ń wo ara wọn. Màmá fi ọwọ́ òsì fa bébà náà sọ́dọ̀, ó tún un kà. Ojú rẹ̀ dà bíi ti ẹni tó ń wá kọ́kọ́rọ́ nínú ilé ara rẹ̀. Àbí òun ló kọ ọ́ lóòótọ́?

"Kúnmi," ni Kúnmi wí.

Wọ́n yíjú sẹ́yìn.

"Èmi ni. Màmá sùn lọ, mi ò fẹ́ kí bébà wọn ṣófo." Ó dìde. "Màámi ló ni bàtà yẹn. Wọ́n ti kú. Oṣù keje. Mi ò lè lọ."

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ẹnu rẹ̀ máa sọ ọ́.

Màmá gbé bébà náà kalẹ̀. Ó fi àtàǹpàkò ka àwọn ìka rẹ̀, ìlà kan tẹ̀ lé òmíì. "Ìlà kejì gùn jù," ni ó wí. Ó fa àga kan sún mọ́ra. "Wá jókòó síbí. Má jókòó sẹ́yìn mọ́."

Òjò bá wọn dé Rippleside. Wọ́n bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà. Màmá ò tíì wọlé.

"Kí lorúkọ ìyá rẹ?"

"Wúrà."

Màmá pè é lẹ́ẹ̀mejì, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, bí ẹni ń tọ́ nǹkan wò. Ó ní, "Gbé bàtà wọlé, Kúnmi. Òjò ń rọ̀ sí i."

Kúnmi gbé ti Màmá wọlé, ó gbé tirẹ̀. Ó fi aṣọ nù wọ́n, ó tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn.